Píkọ́ọ̀pù Bàbá Mi àti Ojú Ìyá Ràfíù

Òórùn dísù ni ó máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kì í ṣe àkùkọ. Á gba ojú fèrèsé wọlé tòun ti òtútù ọyẹ́ àti èéfín igi ìdáná Màmá, á sì bá mi lórí ẹní níbi tí mo kákò sí lábẹ́ aṣọ. Mi ò ní tíì la ojú tán tí n ó ti mọ̀ pé bàbá mi ti wà nídìí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fẹ́ gbọ́ òórùn yẹn rárá, mo mọ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé títí di òní, bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójú ọ̀nà, n ó kọ́kọ́ fà á símú dáadáa kí n tó gbé gíláàsì sókè.

Ìlú Ìràwọ̀ ni a ń gbé nígbà náà. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ni ó ń kọ́ kíláàsì kẹfà. Màmá mi jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà nítòsí ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí tíṣà ṣe di ẹni tí ó ní píkọ́ọ̀pù, iṣu ni. Ó pẹ́ tí ó ti ń gbin iṣu sí oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, kí ó tó lọ ra ọkọ̀ náà ní àlòkù lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ṣakí. Àwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kùn ún láti ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, oòrùn àti erùpẹ̀ pupa ti fá a, ó ti ṣá, ó wá dà bí ojú ọ̀run nígbà ọyẹ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣeé ṣí láti ìta, ẹni tó bá fẹ́ wọlé níbẹ̀ á na ọwọ́ gba ojú fèrèsé.

Bàbá mi kì í sọ pé òun fẹ́ ṣáná sí ọkọ̀. "Mo fẹ́ jí i" ni ó máa ń wí. Iná kékeré kan wà níwájú awakọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn tó pọ́n, ó sì máa ń tàn bí a bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́. Bàbá mi kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dún títí iná yẹn á fi kú fúnra rẹ̀. Bí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa méjèèjì á máa wò ó láìsọ̀rọ̀. Kò lè pẹ́ ju kí ènìyàn ka ení, èjì dé ogún lọ, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, odidi àárọ̀ kan wà nínú ìdúró yẹn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ á húkọ́, á tún húkọ́, èéfín dúdú á tú jáde, àwọn adìẹ á fọ́n ká, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jẹ́jẹ́. Bàbá mi á ní, "Ẹ jẹ́ kó jí dáadáa," kò sì sí ẹni tó lè kán an lójú, ìbáà ṣe àlùfáà ìjọ wa tí ó fẹ́ bá a dé Òkèhò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn náà ni ọjọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Bàbá mi á fi àkísà nu ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, á tì í bọ inú ẹ́ńjìnnì, á fà á yọ, á gbé e sókè sí oòrùn kí ó tó gbà pé ọ́ìlì ṣì wà níbi tó yẹ kó wà. Á yọ àsẹ́ afẹ́fẹ́, á máa gbọ̀n ọ́n mọ́ òkúta, eruku ọ̀sẹ̀ kan á sì dìde kúrò lára rẹ̀, á máa fò lọ síhà ilé Bàbá Ọlọ́dẹ, aládùúgbò wa. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ó tú ìdí àsẹ́ epo. Èmi ni mo máa ń di agolo mílíìkì mú sábẹ́ rẹ̀. Omi ni yóò kọ́kọ́ jáde, ìba díẹ̀, kí dísù tó tẹ̀lé e, kí ó sì léfòó sórí omi náà. Bí oòrùn bá tàn sí agolo yẹn, mo lè wò ó di ìgbà tí wọ́n bá fi orúkọ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. "Omi yìí ló ń pa ẹ́ńjìnnì," ni bàbá mi máa ń wí. "Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn."

Kò sí ilé epo tó ń ta dísù nílùú wa nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ràfíù ni gbogbo wa ti ń rà á. Ìyá àgbàlagbà ni, ó máa ń jókòó sábẹ́ igi òrí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù méjì: dúdú fún dísù, pupa fún bẹntiróòlù. Ojú rẹ̀ òsì ti funfun, kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tún ń ríran. Kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ kẹ́ẹ̀gì gbogbo ilé. Tiwa jẹ́ méjì, aláwọ̀ òféfèé kan náà, tí ìdérí wọn ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùkù àgbàdo ni a fi ń dí ẹnu ti dísù tó jẹ́ ti píkọ́ọ̀pù. Àkísà pupa ni a fi ń dí ti bẹntiróòlù tó jẹ́ ti alùpùpù Màmá. Bí Ìyá Ràfíù bá ti rí wa lókèèrè, á ní, "Oníṣùkù ti Tíṣà ti dé."

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, bàbá mi gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì tó kún dé láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ràfíù, ó tò wọ́n sábẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé. Èmi wá ọmọ tí n ó pọ̀n. Ṣùkù ẹnu kẹ́ẹ̀gì yẹn ti mu dísù títí, ó ti pupa, ó ń dán, orí rẹ̀ rí roboto bí orí ọmọ tuntun. Mo yọ ọ́. Mo yọ àkísà pupa náà, mo fi ró o ní ìró, mo pọ̀n ọ́n, mo sì ń rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé, mo ń kọrin fún un. Oòrùn ń wọ̀ lọ, gbogbo nǹkan pọ́n, inú mi dùn. Nígbà tí Màmá pè mí kí n wá wẹ̀, mo sáré tú ọmọ mi kalẹ̀, mo fi ṣùkù dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì kan, mo fi àkísà dí ìkejì. Mi ò wo èyí tí í ṣe èyí.

Ọjọ́ kejì ni ìdánwò àwọn kíláàsì kẹfà ní Ṣakí, èyí tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Bàbá mi ni yóò gbé àwọn ọmọ méje náà lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tó gbé kẹ́ẹ̀gì oníṣùkù, tó ki àrọ bọ ẹnu táńkì, tó sì da gbogbo rẹ̀ sí i. Ọyẹ́ ti kó ọ̀fìnkìn bá a láti ọjọ́ mẹ́ta, imú rẹ̀ dí pátápátá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí n tẹ̀ lé wọn.

Mo ṣì máa ń rìn ìrìn àjò yẹn lójú oorun. Àwọn ọmọ méje wà lẹ́yìn ọkọ̀, aṣọ ilé ìwé wọn funfun báláú, ẹsẹ̀ wọn ń dán fún òrí. Kùrukùru bo pápá lápá ọ̀tún àti lápá òsì, a kàn ń rí orí àwọn igi tí wọ́n yọ sókè nínú rẹ̀. Àwọn màlúù kan kọjá níwájú wa, a dúró dè wọ́n. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbàgbà nínú, agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó fa ara rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì kú.

Awakọ̀ kan tó kó iṣu ló bá wa dúró. Ó ki igi tín-ín-rín bọ táńkì, ó gbé e símú, ó sì wo bàbá mi tàánú-tàánú. Ó ní bẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀. Bàbá mi mi orí, ó ní, "Ìyá Ràfíù. Ojú ìyá yìí ti lọ."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ tí mo pọ̀n lánàá, tòun ti ìró pupa rẹ̀. Ìbẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Awakọ̀ oníṣu náà kó àwọn ọmọ lé orí iṣu rẹ̀, wọ́n dé Ṣakí nígbà tí àwọn yòókù ti parí ìwé àkọ́kọ́. Bàbá mi bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà kí wọ́n ṣe tiwọn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n àwọn òbí rí aṣọ funfun tó ti di pupa, wọn ò gbàgbé. Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá bu epo láti inú kẹ́ẹ̀gì alákìísà sínú alùpùpù rẹ̀, alùpùpù tu èéfín funfun, ó kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn: Ìyá Ràfíù ti bu méjèèjì lódìlódì.

Kò sí ẹni tó bú u. Ì bá sàn ká ní wọ́n bú u. Wọ́n ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì wọn kọjá lọ sí ìlú mìíràn. Bàbá mi lọ bá a, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé kò sí ìjà, ọjọ́ ogbó ni, kí ó kúkú máa sinmi. Ìyá Ràfíù búra pé dúrọ́ọ̀mù dúdú ni òun ti bu ti oníṣùkù. Bàbá mi ní òun gbọ́. Èmi ń gba iwájú ìyá náà lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́, ó ṣì ń pè mí ní ìyàwó òun, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kọkànlá, Ìyá Ràfíù wá bá Màmá nílé, ó ní kó bá òun wo ojú òun. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń ṣa ẹ̀wà. Màmá gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó na ìka kan, ó na mẹ́ta, ó ní kó sọ àwọ̀ aṣọ tí a sá sórí okùn lọ́hùn-ún. Ìyá Ràfíù kò ṣi ẹyọ kan. Màmá wá sọ pé ojú ọ̀tún yìí ń ríran kedere.

"Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn, Nọ́ọ̀sì," ni Ìyá Ràfíù wí. "Mo rí i pé dúrọ́ọ̀mù dúdú ni. Bí ojú mi bá dáa, a jẹ́ pé orí mi ló ti ń dàrú. Mo ti sọ fún Ràfíù ọmọ mi kó wá mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ìgbòho, kí n má lọ ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìsunkún. Èmi ni ẹkún gbọ̀n. Mo da ẹ̀wà nù, mo sá wọlé, Màmá sì tẹ̀ lé mi. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán fún un, ó jókòó sórí ibùsùn. Nígbà tó jáde, Ìyá Ràfíù ti lọ.

Bàbá mi kò nà mí. Ó gbọ́ ọ tán, ó wọ yàrá, ó sì jáde pẹ̀lú àgbádá funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ ọjà ni, gáréèjì kún fọ́fọ́. Ó gbé mi sínú píkọ́ọ̀pù, tí wọ́n ti tún ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, àwa méjèèjì sì wo iná náà títí ó fi kú. Mo rò pé ó fẹ́ kí gbogbo gáréèjì gbọ́ ìró ọkọ̀ yẹn kí wọ́n sì bojú wẹ̀yìn. Wọ́n bojú wẹ̀yìn lóòótọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn dé abẹ́ igi òrí, ó sì nà gbọọrọ síwájú Ìyá Ràfíù, lórí ilẹ̀ dúdú tí dísù ti ń kán sí láti ọdún pípẹ́.

"Ìyá wa, ojú yín ò ṣe nǹkan kan, orí yín náà pé," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè kí àwọn èèyàn lè gbọ́. "Ọmọ mi ló pààrọ̀ ìdérí. Èmi ni mi ò wádìí."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Ràfíù gbé ọwọ́ lé àyà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ dìde, Tíṣà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò mọ́." Ìgbà yẹn ni omi wá jáde lójú rẹ̀, lójú méjèèjì, èyí tó ríran àti èyí tí kò ríran.

Kò lọ sí Ìgbòho mọ́. Ó ta dísù títí mo fi parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Màmá fi ọṣẹ oríṣiríṣi fọ àgbádá yẹn, àbàwọ́n àyà rẹ̀ kò kúrò, bàbá mi sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni mo ń gbé báyìí, mo sì ní jíìpù tèmi, dísù ni òun náà ń mu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ń bọ̀ láti Adó-Àwáyè, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí mẹkáníìkì mi ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Mo lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní kò mọ ohun tó ń ṣe. Mo tún sọ fún gbogbo ọ́fíìsì wa kí wọ́n má gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ló tú àsẹ́ epo náà. Omi ló kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ láti kékeré ni títú u láti da omi rẹ̀ nù, n kò sì tú u láti ọdún tó kọjá.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin, n kò sì tíì lọ bẹ mẹkáníìkì náà. Iwájú ibi iṣẹ́ ọkùnrin yẹn ni ọ̀nà ilé ìwé ọmọbìnrin mi gbà kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọjà ni mò ń gbà báyìí, ó sì jìnnà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà bi mí ìdí tí a kì í fi í gba ọ̀nà àtijọ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun náà. Mo ní ọ̀nà yẹn ti bàjẹ́.