Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Mò Ń Dáhùn Pé Á Gba Ibi Ire

Àgádágodo kékeré tí mò ń tà ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan, nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa ará Ìlobù àti àwọn ará Ìfọ́n. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti jẹrà náà ń ra àgádágodo. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí, mo sì tà á títí ó fi ku ẹyọ kan. Ìyẹn ni mo fi ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo sá lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun.

Tíṣà ni ọmọ mi. Ẹnu mẹ́fà ló ń jẹ nínú owó oṣù rẹ̀. Lálaalẹ́, wọ́n á bu oúnjẹ, ọmọ mi á ní, "Màmá, ẹ wá jẹun." Èmi á ní, "Á gba ibi ire o. Mo ti jẹ níta." Irọ́ ni. Ẹ̀kúnwọ́ gààrí kan ni mo fi ń di ọjọ́ kejì. Mi ò fẹ́ di ẹrù lé e lórí. Ọlọ́gbọ́n ayé!

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, òtútù ń mú mi nínú oòrùn ọ̀sán. Irun orí mi ń já, irun wẹ́wẹ́ mìíràn wá ń hù lápá mi bíi ti ọmọ eku. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ ọkàn mi: gbì. Ó di ìgbà díẹ̀. Gbì. Àfi bí ẹni tó ń gúnyán tó sì ń tòògbé nídìí odó. Mo wo dígí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi tó ti kú ló ń wò mí. Mo kí i pé ẹ kú àárọ̀. Ẹnu rẹ̀ mì pẹ̀lú tèmi. Ebi pàápàá ti fi mí sílẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo rí obìnrin ará Ìfọ́n kan tí a ti jọ ń pàtẹ rí, nínú ọjà Ẹ̀rìn. Mo fọwọ́ kàn án. Kò kí mi. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láti wò mí, bí wọ́n ṣe ń wo òkú tó bá wá nájà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. 

Mo bi í pé, "Ṣé ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀?"

Ó dáhùn láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀: "Ó kanlẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ló kù. Akúdàáyà tó sanra jù ẹ́ lọ wà!"

Ẹ̀rín pa mí. Nínú ẹ̀rín yẹn ni mo ṣubú.

Òun ló fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Kílò méjìlélógójì ni mo wọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ara yín ti ń jẹ ara rẹ̀." Ọmọ mi sáré gbé abọ́ iyán dé, nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni? Oúnjẹ rẹpẹtẹ lójijì lè dá ọkàn wọn dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ sì máa mú wọn wá lójoojúmọ́. Bí ìwọ̀n wọn ò bá gòkè, ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo la máa gbé wọn lọ."

Ọmọ mi wò mí. "Ẹ ní ẹ ti jẹun." 

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ògì ṣíbí mẹ́rin. Ẹsẹ̀ mi wú; bí nọ́ọ̀sì bá tẹ̀ ẹ́, ihò á kù síbẹ̀. Ebi wá padà dé, ó sì burú ju àìsí rẹ̀ lọ. Mò ń sunkún sí ìgbákọ. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń gbé inú mi, tó ń fi ẹnu mi bèèrè oúnjẹ.

Lọ́sẹ̀ kẹrin tí mo ti ń gba ìtọ́jú, ẹsẹ̀ mi tó wú ti rọlẹ̀. Mo gun ìwọ̀n, mo dijú. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó tún un wò, ọmọ mi sì di aṣọ mi mú. Ìwọ̀n mi ti fi kílò méjì ààbọ̀ gòkè.