Irun Tí Bọ́dúndé Gbé Lọ sí Emùré

Ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé ni Bọ́dúndé fi ti ogun Làìbéríà bọ̀, àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ sì ń kí i kú oríire. Oríire wo? Wọn ò mọ̀ pé ó jẹ ìyá Oyèbámijí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ sógun, ní gbèsè òkú.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń sá padà, ọ̀gá wọn ní kí àwọn méjèèjì dúró lẹ́sẹ̀ afárá, kí wọ́n máa yìnbọn dí ọ̀tá lọ́nà títí ọkọ̀ tó kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ yóò fi lọ jìnnà. Ọkọ̀ lọ lóòótọ́. Ọta ìbọn bá Oyèbámijí láyà, ó kú sọ́wọ́ Bọ́dúndé. Ọ̀tá ti gun orí afárá. Ẹ̀rù ba ọkùnrin, ó tẹ́ òkú sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kú sájò, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gé wálé láti sin. Ta ló ráyè gé irun lábẹ́ ìbọn? Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni Bọ́dúndé dé. Gbogbo ìlú ń jó, òun ń sá fún ọ̀nà Emùré, níbi tí ìyá náà ń gbé. Ìyá ń ránṣẹ́ sí i ṣáá: “Mú ohun tí n ó sin wá, kí n lè sunkún ọmọ mi.”

Àánú ìyá ṣe é. Ó fá orí ara rẹ̀, ó gé èékánná, ó di gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ funfun. Ó dé fìlà, ó gun ọ̀kadà lọ sí Emùré.

“Yèyé, ẹ gbà,” ó wí lórí ìdọ̀bálẹ̀. “Èmi ni mo gé e.” Irọ́ kọ́ o, òótọ́ burúkú ni!

Ìyá tú aṣọ náà lójú oòrùn. Ó ṣa ewú kan, ó tún ṣa òmíràn.

“Ọmọ mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún,” ó wí jẹ́jẹ́. “Bọ́dúndé, ṣí fìlà rẹ.”

Ó ṣí i. Èpè ló ń retí, ó tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Àfi bí ìyá ṣe bú sẹ́rìn-ín.

“Olúwa, o ṣé! Bó bá kú ni, ṣé ìwọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò ní mú irun rẹ̀ wá ni? Ọmọ mi ń bọ̀ ní ulé!”

“Yèyé, ọwọ́ mi ló kú sí.”

“Ẹni tó purọ́ irun, kí ló kù tí kò lè purọ́ rẹ̀?”

Ìyá mú ìgbálẹ̀, ó wọlé lọ gbá yàrá Oyèbámijí.