Láptọ́ọ̀pù Méjì àti Ìgò Òróró Kan

Èmi kì í lè jókòó sójú kan bí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́kàn mi. Màámi máa ń sọ pé mo dà bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ìjàlọ náà pọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo ti padà sí ilé wa ní Festac, mo ń wá iṣẹ́ ìyàwòrán ilé. Ọ́fíìsì kékeré kan ti sọ pé àwọn á gbà mí, kí n wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, bí mo bá ti lè gbé láptọ́ọ̀pù tèmi dání. Wọn kò ní èyí tí wọ́n máa fún mi. Ẹni tí kò bá ní, kó jókòó sílé.

Mo ní ọ̀kan. Àlòkù ni, ó nípọn bíi búrẹ́dì, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì gbáko láìsí iná, ohun tó ṣọ̀wọ́n lára àlòkù nígbà náà. Ìṣòro rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kò lágbára ìyàwòrán. Bí mo bá fa ìlà kan, kí ìlà náà tó jáde, mo lè lọ pọnmi kí n sì dé. Ìṣòro kejì ni òróró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òróró. Nílé wa, kò sí ohun pàtàkì tí màámi kì í fi òróró àdúrà kàn: ìwé ẹ̀rí mi, bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ wáṣẹ́, ìlẹ̀kùn, iwájú orí mi. Ìka kan ni, ó parí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yẹn, mo wà ní balùwẹ̀ nígbà tí ó wọ yàrá mi. Bóyá àìríṣẹ́ mi ti sú u ni, kò fi ìka kàn án. Ó dà á sórí láptọ́ọ̀pù. Nígbà tí mo jáde, kíbọọ̀dù ń dán yanran, màámi sì dijú, ó ń ṣe àmín sí àdúrà ara rẹ̀. Mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, mo dorí rẹ̀ kodò, mo sá a sóòrùn.

Lọ́jọ́ kẹta ni ọ́fíìsì pè mí, pé kí n wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, màámi dìde láàárín ìjọ, ó jẹ́rìí pé òróró tí òun dà sórí kọ̀ǹpútà ọmọ òun ló ṣe é. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ta ni yóò wá sọ fún un pé láti ọjọ́ náà, bí láptọ́ọ̀pù bá ti gbóná, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a bá tàn án, àwọn bọ́tìnnì àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀? Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì N lẹ́ẹ̀kan, á jáde nígbà mẹ́wàá, tàbí kó má jáde rárá.

Ní sáìbà kafé tí mo ti ń tẹ àwòrán jáde ni mo ti mọ ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Raji Rasaki Estate. Ìdílé wọn ti ní ilẹ̀ ní agbègbè yẹn tipẹ́, òun ló sì ń bá wọn bójú tó o. Orí ilẹ̀ gan-an ló ti ń kọ lẹ́tà àti àdéhùn, níbi tí kò sí iná. Láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ yára bí àṣá, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti kú, ìlà pupa kan sì là á lójú já. Ó gbọ́ tí mo ń ráhùn.

Ó ní, "Àbúrò, ṣé ká kúkú swap ni? Tèmi ò wúlò fún mi lórí ilẹ̀, tìẹ náà ò lè yàwòrán."

Ọjọ́ méjì ni mo fi wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Mo ń rìn láti ilé wa dé etí títì, mo ń padà. Ọ́fíìsì ní jẹnẹrétọ̀, nítorí náà n kò nílò bátìrì. Ìlà pupa kò lè pa mí. Eku kọ̀ǹpútà, máúsì, ni mo fi ń yàwòrán, n kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo rẹ̀ ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n ni pé ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà ni iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé bọ́tìnnì tó ń lẹ̀ fún.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sílé rẹ̀. Ó gbé méjèèjì sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀, á kọ́kọ́ sọ àléébù ọjà rẹ̀. Bátìrì tèmi ti kú. O rí ìlà pupa. Bí a bá ṣí i sẹ́yìn jù, á pa ara rẹ̀. Ó tán. Ó ku tìẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tèmi ò ju pé ó wúwo lọ, sà."

Òun náà rẹ́rìn-ín, ó tàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ń wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dìde lọ bu omi fún mi, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan kíbọọ̀dù bóyá ó ti ń gbóná. Ìṣẹ́jú ogún. Ó tún fẹ́ fi àwọn lẹ́tà rẹ̀ hàn mí. Mo ní màámi ń retí mi nílé. Irọ́ ni, màámi wà ní Satellite Town lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, kò ní í dé títí di Àbámẹ́ta. A bọwọ́, mo gbé tirẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jáde.

Láptọ́ọ̀pù náà dára. Mo ya ilé kan láàárín ọ̀sán kan péré. Síbẹ̀ n kò gbádùn rẹ̀. Bí fóònù bá dún, mo máa ń kọ́kọ́ wo orúkọ ẹni tó ń pè kí n tó gbé e. Ẹ̀gbọ́n náà kò pè lọ́jọ́bọ̀, kò pè lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyẹn gan-an ló wá burú jù.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, màámi dé. Ó rí láptọ́ọ̀pù lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó hó ìhó ayọ̀, kí n tó mọ̀, ó ti ṣí ìgò. Mo fò lé láptọ́ọ̀pù náà, mo fi àyà bò ó.

"Màámi, ẹ dákun, ẹ má dà á sí i."

"Kí ló dé? Ṣé èyí tí mo dà sí ti àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́ ni?"

"Òun ló bà á jẹ́, mà. Mo ti fi gba èyí lọ́wọ́ ẹnì kan."

Ó di ìdérí ìgò náà mú. Ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó sì dùn mí dé egungun, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀rí tó jẹ́ nínú ìjọ ló ń rántí. Mo rò pé yóò sunkún. Ohun tó bi mí kò sí lára ohun tí mo ti múra sílẹ̀ fún.

"Ẹni tí o gbé e fún, ṣé o sọ fún un?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mà."

"Mo ní, ṣé o sọ fún un?"

"Mo sọ fún un pé ó wúwo."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wé ìborùn rẹ̀ padà. Ó ní, "Gbé e. Ká lọ."

Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà mọ́ àyà bí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lọ dá padà. Ọjọ́ Ajé ku ọ̀tunla. Inú bí mi sí màámi, inú bí mi sí òróró, inú sì bí mi sí ara mi jù lọ.

Ẹ̀gbọ́n náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màámi kò tilẹ̀ jókòó.

"Ẹ má bínú, bọ̀dá. Èmi ni mo da òróró àdúrà sínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ọmọ mi mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, kò sọ fún yín. Tiyín rèé."

Ó wọlé, ó gbé láptọ́ọ̀pù mi jáde. Ó ti tú kíbọọ̀dù rẹ̀, ó kó àwọn bọ́tìnnì sínú àwo kékeré kan.

Ó ní, "Màmá, mo ti rí i láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀. Mo ń kọ lẹ́tà kan sí àwọn ẹbí, mo tẹ bọ́tìnnì N lẹ́ẹ̀kan, ó ń tò lọ bí èèrà."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò pè mí, sà?"

"Mo ní kí n wò ó bóyá ìwọ lo máa pè mí." Ó yíjú sí màámi. "Ṣé ẹ rí i, ẹ̀yin lẹ wá."

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo máa fi ọwọ́ sí. Kò gba tirẹ̀ padà. Ó ní iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré, kí n máa lò ó lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa wá kíbọọ̀dù mìíràn, èmi náà ni mo sì máa wá bá òun fi sí i. Màámi dúpẹ́ títí. Èmi dọ̀bálẹ̀.

Èmi àti màámi padà sílé. Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà sórí tábìlì. Ó mú ìgò òróró, mo sì sún mọ́ tábìlì láti dènà. Kò tilẹ̀ wo láptọ́ọ̀pù náà. Ó ki ìka kan bọ òróró, ó dì mí ní àgbọ̀n mú, ó sì fi kùn mí ní ètè.