Máásà Tí Mo Pín ní Ìdí Sítéṣọ̀n

Àbúrò mi Àbdùlbáàkí ló ń ka ẹrù ní sítéṣọ̀n ọkọ̀ ojú irin ní Mínà. Ẹ̀pà tó ń ti òkè bọ̀, iṣu tó ń lọ sí Èkó, òun ló ń wọ̀n wọ́n, òun ló ń kọ iye wọn sílẹ̀. Níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ń wá pẹ́ńsù, òun yóò gbójú sókè wo àjà lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dárúkọ àròpọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Mai Lissafi, ìyẹn oníṣirò, wọ́n rò pé àwọn ń yìn ín ni. Inú ń bí mi bí mo bá ti gbọ́ ọ, nítorí mo mọ ibi tó yẹ kí orí yẹn wà.

Ọmọ Ìlọrin ni wá, ṣùgbọ́n Límáwà ní Mínà ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Bàbá wa, Alfa Àbdùlsàlámì, ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Kì í ṣe kéwú ló sọ ọ́ di olókìkí, ìsítíkárà ni. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, tàbí tó fẹ́ gbéyàwó tí kò mọ èyí tí yóò mú, yóò wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun bi Ọlọ́run léèrè. Bàbá yóò kírun, yóò gbàdúrà, yóò sùn, ohun tó bá rí lójú àlá ni yóò wá sọ. Àwọn ènìyàn ń ti Bídà àti Kúta wá bá a.

Kí ó tó la ẹnu, yóò kọ́kọ́ ṣe sàárà. Bó bá jẹ́ ohun rere ló rí, máásà, àkàrà ìrẹsì, ni yóò ní kí a rà kí a pín fún àwọn ọmọdé, láti fi dúpẹ́. Bó bá jẹ́ ibi, ẹ̀wà sísè ni, láti fi bẹ Ọlọ́run. Bí kò bá rí nǹkan kan, a kò ní pín nǹkan kan. Nípa bẹ́ẹ̀, àwa ará ilé ti máa ń mọ èsì kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa, ojú la fi kọ́ ọ.

Ní ọdún 1964, Àbdùlbáàkí parí ìwé rẹ̀ lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlógún, lẹ́tà mẹ́ta sì wọlé. Yunifásítì Ìbàdàn gbà á. Yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀n náà gbà á. Àwọn méjèèjì ní kí ó mú owó wá. Ẹ̀kẹta wá láti ìlú òtútù kan ní òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí ẹnikẹ́ni ní Límáwà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó ń ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọn yóò ṣe máa pàṣẹ fún un. Owó ọkọ̀ òkun, owó ilé ìwé, oúnjẹ, ibùsùn, títí kan kóòtù òtútù, àwọn ni yóò san gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju pé kí bàbá ọmọ fọwọ́ sí ìwé, nítorí ọmọ náà kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún, kí ìwé náà sì kúrò ní Mínà kí ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì tó kọjá.

Àdúgbò di ilé ìgbìmọ̀. Àwọn kan ní Ìbàdàn ni kó lọ, nítorí ẹni tó bá ti Ìbàdàn jáde, bó húkọ́ pàápàá, gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn kan ní ta ni yóò gbọ́ Lọ́ńdọ̀n tí yóò lọ síbòmíràn? Mo bi wọ́n pé ta ni yóò sanwó. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò pèsè, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Tísà Adéagbo, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ́ ọ ní ìṣirò, wá sílé wa. Onítẹ̀bọmi ni, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá.

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ilé ìwé kì í bọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kó lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ tọwọ́ tẹsẹ̀. Irú orí yìí, ẹ̀rọ yẹn ló yẹ ẹ́."

"Tò, Tísà, mo gbọ́," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ kí n bi Ọlọ́run léèrè."

Ta ni yóò bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn?

Ilé ọkọ mi wà ní àdúgbò Fádíkpè, ṣùgbọ́n mo wà nílé Bàbá nígbà náà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti bí àkọ́bí mi, Ràhímátù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sàlíhátù, lọ ra ogún máásà lọ́wọ́ Làmí onímáásà. Má pín in ládùúgbò o. Gbé e lọ sí ìdí sítéṣọ̀n, kí o pín in fún àwọn almájìrí."

Mo pọn ọmọ mi, inú mi ń dùn. N kò tilẹ̀ bi ara mi léèrè ìdí tí sàárà ilé wa fi ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Mo pín in tán, mo padà wálé, mo jókòó láti gbọ́ ohun tí mo ti mọ̀.

Bàbá pè wá jọ. Ó ní, "N kò rí nǹkan kan. Màá tún un ṣe." Kò wo ojú mi.

Ó ń tún un ṣe títí ó fi pé ọ̀sẹ̀ kan. Ní àràárọ̀, Àbdùlbáàkí yóò wẹ̀, yóò wọ aṣọ mímọ́, yóò wá dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, yóò sì pẹ́ nílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bàbá yóò ní, "Kò tíì sí." Òun náà yóò ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Ní ọjọ́ karùn-ún, ara mi kò gbà á mọ́. Mo bá Bàbá lórí ẹní ìkírun.

"Bàbá, ẹ ní kí n pín máásà."

 Ó ní, "Sàlíhátù, nígbà tí Wàhídù ń lọ sí Kùmásì, kí ni mo ní kí o pín?"

Àbdùlwàhídù ni àkọ́bí Bàbá. Ó lọ ṣòwò ní Kùmásì ní ọdún 1951. Kò kọ lẹ́tà, kò ránṣẹ́, ẹni tó bá sì ti ọ̀hún dé, kò rí i. Ìyá wa kú láìmọ̀ bóyá ọmọ òun wà láàyè.

"Máásà ni, Bàbá."

"Omi tó mọ́ ni mo rí nígbà yẹn. Omi kan náà ni mo tún rí báyìí."

Ó ká ẹní rẹ̀, ó sì jáde lọ bá àwọn ọmọ kéwú.

 Bó bá ní àlá òun kì í ṣe òótọ́, gbogbo àwọn tó ti bá bi Ọlọ́run léèrè ńkọ́? Bó bá sì ní òótọ́ ni, àfi kí ó tú ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún un sílẹ̀. Kò lè purọ́ fún Ọlọ́run, ìdí nìyẹn tó fi ra máásà. Àwa ló lè purọ́ fún. Mo bínú sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, n kò mọ èyí tí ǹ bá mú nínú méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá Àbdùlbáàkí láti sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni ǹ bá fi pe bàbá wa ní òpùrọ́? Mo padà lọ fún ọmọ mi lọ́mú.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà fọn fèrè, a gbọ́ ọ láti ilé, ó sì lọ. Àbdùlbáàkí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé náà wà lórí itan rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbi tó yẹ kí Bàbá fọwọ́ sí. Tísà Adéagbo kò yà sílé wa mọ́. Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀n dúró de owó títí ó fi sú wọn. Nígbà tí ọdún yí, ẹnì kan bá a wá iṣẹ́ sí sítéṣọ̀n.

Bàbá kú ní ọdún 1969. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, máásà wà lára ohun tí a fi ṣe sàárà. Mo gbé àwo kan lọ fún Àbdùlbáàkí níbi tó jókòó sí. Ó mú ẹyọ kan, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ìyá Ràhímátù, mo jẹ nínú ti ìjelòó."

"Èwo ni ti ìjelòó?"

"Èyí tí ẹ pín ní ìdí sítéṣọ̀n. Mo lọ béèrè àkókò tí ọkọ̀ lẹ́tà ń gbéra. Almájìrí kan bù nínú tirẹ̀ fún mi, ó ní ọmọ Málàmù Àbdùlsàlámì ló pín in fáwọn. Mo sáré wálé láti wá di ẹrù mi."

Mo gbé àwo náà sílẹ̀. "O mọ̀? Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé Bàbá yóò sọ ọ́ fúnra wọn," ó ní. "Ṣebí ìdí tí mo fi ń wẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn."