Ọkọ Àbúrò Mi Ń Wá Ìyàwó Tí Kò Ní Bi Í Léèrè

Télọ̀ ni ọkọ àbúrò mi, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ gé pépà. Á fi abẹ́rẹ́ kan pépà náà mọ́ ọmọlangidi aláìlórí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á yí i po, á fajú ro, á tú u palẹ̀, á tún un gé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Pépà-Ná, wọ́n sì rò pé àwọn ń pọ́n ọn lé ni. Èmi ò rí àpọ́nlé kankan ńbẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ fi pépà dán wò kó tó fọwọ́ kan ojúlówó, ojo ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ìyá wa fẹ́ràn rẹ̀, ká má purọ́. Nígbà tí àìsàn dá màmá dùbúlẹ̀, wọ́n ní kí n ṣí àpótí wọn, kí n mú aṣọ búlúù kan tí wọ́n ti rà láti ìgbà tí ojú wọn ṣì dá ṣáká. Wọ́n gbé e lé ọkọ àbúrò mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wa. Wọ́n ní aṣọ tí àwọn fẹ́ wọ lọ nìyẹn, ọkọ ọmọ àwọn ni yóò sì rán an, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlòmíràn. Pépà-Ná fọwọ́ sáyà, ó ní kí màmá fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ ìsìnkú dé, a ò rí aṣọ, a ò rí télọ̀. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Aṣọ tí màmá máa ń wọ̀ tí wọ́n bá ń lọ kí èèyàn la fi sin wọ́n, bọ́tìnnì kan sì ti já lára rẹ̀. Àbúrò mi dúró létí sàréè, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu géètì. Nígbà tó yá, ọkùnrin yìí ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ló dí òun lọ́wọ́. Iṣẹ́! Bí ẹni pé ọjà ni wọ́n pè é sí. Àbúrò mi di báàgì kan, ó kó wá sọ́dọ̀ mi. Èmi tí mo ti ń pe àna mi ní "ẹ" láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, "o" ni mo ń pè é láti ọjọ́ náà, tí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn kó lọ fi ẹjọ́ sùn.

Ohun tí àbúrò mi ń wí kò ju ẹyọ kan lọ. "Kó wá fúnra rẹ̀, Àǹtí, kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá ti sọ̀rọ̀, mo máa tẹ̀ lé e lọ sílé." Ó fẹ́ lọ. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́. Tí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé, á ti dé ojú fèrèsé. Èmi ò mọ ohun tó rí lára rẹ̀, àmọ́ èmi kọ́ ni mo fẹ́ ẹ.

Fóònù ni mò ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi kéré débi pé oníbàárà mẹ́ta kò lè dúró níbẹ̀ láìfara kanra: tábìlì gíga kan, iná kékeré tó tẹrí ba, àwo ike tí mo ń kó síkúrúù wẹ́wẹ́ sí, àti fóònù àwọn èèyàn tí wọ́n jẹ́ kó bọ́ sómi tí wọ́n wá ń bú mi. Ibẹ̀ ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Pépà-Ná yọjú, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Ọkàn mi sọ pé ó ti dé nìyẹn, ó fẹ́ kí n bá òun bẹ ìyàwó rẹ̀. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa kọ́kọ́ fi bú u.

Ó dìde, ó gbé fóònù síwájú mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dáa jù nínú àwọn ẹ̀rọ tó máa ń ṣe bí èèyàn yìí?"

"Ṣe bí èèyàn báwo?"

"Kéèyàn sọ fún un pé ìwọ báyìí, obìnrin ni ọ́, báyìí ni ìwà rẹ, kó sì máa fèsì bíi ti obìnrin yẹn. Wọ́n ní wọ́n pọ̀, mi ò wá mọ èyí tí mo lè mú. Eré ni mo fẹ́ fi kọ."

"Eré wo?"

"Eré orí ìtàgé."

Ẹ gbà mí! Ọkùnrin tí kò kọ ju ìwọ̀n àyà àti ìbàdí èèyàn rí láyé rẹ̀. Ó yẹ kí n lé e jáde, àmọ́ mo fẹ́ mọ ibi tí ìranù náà máa já sí. Mo gba fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wa áàpù sórí ẹ̀.

Èyí tí a kọ́kọ́ ṣí, àwòrán obìnrin ló kún ibẹ̀, aṣọ ara gbogbo wọn kò tó ṣe íńkáfù. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ibì kan tí obìnrin inú rẹ̀ ti ń pè é ní olólùfẹ́ tó sì ń wá bẹ́ẹ̀dì. Àna mi wúkọ́. Èmi wo ògiri. A yọ ìyẹn kúrò kíá.

Òmíràn ń ṣe bíi oníwàásù. Bí àna mi ṣe sọ fún un pé inú ń bí obìnrin náà, ó dá eré dúró, ó ní kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì lọ rí ẹni tó mọ̀ nípa ìṣòro tọkọtaya. "Kí ló kàn án pẹ̀lú èémí mi?" ni Pépà-Ná wí, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ọ̀kan sì wà tó ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ ló bá ń bi í pé, "Ìwọ ta ni?" Lójú tèmi, òun àti àna mi bára wọn mu.

Kí àwọn ẹ̀rọ yìí tó lè ṣe bí ẹnì kan, o gbọ́dọ̀ kọ ìwà ẹni náà sí i. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń kà á láti òdìkejì tábìlì. *Obìnrin ni. Kì í fi ṣúgà sí tíì. Kì í pariwo. Tí inú bá ń bí i, ilé ló máa ń tún ṣe.* Mo gbé fóònù tí mò ń tú lọ́wọ́ sílẹ̀. Ọmọ ìyá mi tó ti ń fọ ìkòkò mi láti ọjọ́ ìsìnkú, tó ń fọ èyí tó mọ́ mọ́ èyí tí kò mọ́, òun ni ọkùnrin yìí ń kọ kalẹ̀ níwájú mi. Òun ló fẹ́ gbé sínú fóònù, kó lè bẹ ìyẹn wò ná, bí ó ṣe ń gbé pépà kọ́ ọmọlangidi rẹ̀ lọ́rùn.

"Kí ni ọkọ obìnrin inú eré yìí ṣe fún un?" ni mo bi í.

Ó ń làágùn. "Ohun kékeré kan ni, Àǹtí."

Ohun kékeré. Ìyá mi ni ohun kékeré. Mo gé ètè mi jẹ.

Èyí tí a wá ṣí lẹ́yìn ìyẹn kò lẹ́wà rárá, kò ní àwòrán, ọ̀rọ̀ nìkan. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Pépà-Ná kọ ọ́ pé ìyá obìnrin náà kú, iṣẹ́ kò jẹ́ kí ọkọ lè wá síbi ìsìnkú, aṣọ tí ìyá náà ní kí wọ́n fi sin òun sì wà lọ́wọ́ ọkọ. Lẹ́yìn náà ló wá kó ẹ̀bẹ̀ jọ, ẹ̀bẹ̀ gígùn, ó dùn létí. Obìnrin inú fóònù fèsì pé, "Mo gbọ́. Aṣọ ìyá mi dà?"

Àna mi fi àtàǹpàkò gbá ọ̀rọ̀ náà sápá kan, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn nǹkan yìí rí: tí èsì kan kò bá wù ọ́, wàá gbá a dànù, á sì mú òmíràn wá. Òmíràn ní, "Jókòó. Ṣé o ti jẹun? Aṣọ ìyá mi ńkọ́?" Ó tún gbá a. Lọ́tẹ̀ yìí obìnrin náà kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń gbálẹ̀ yàrá, ó gbálẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó wá gbójú sókè béèrè aṣọ.

"Èyí ò mọṣẹ́," ni Pépà-Ná wí. "Ohun kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́."

"Èyí ló dáa jù. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tèmi, òun ni kí o mú."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti le jù, Àǹtí. Kò sáyè fún ẹ̀bẹ̀." Ó yọ ọ́ kúrò lórí fóònù.

Ẹ̀yin náà ti mọ irú èyí tó mú. Kò tíì bẹ̀bẹ̀ parí tí ìyàwó inú rẹ̀ ti bú sẹ́kún, tó so mọ́ ọn lọ́rùn, tó ní òun gan-an lòun jẹ̀bi, òun ni kò mọyì iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ òun. Ojú àna mi là wàà. Ó ní, "Èyí yé e! Àǹtí, ẹ wò ó, èyí yé e!" Mo pòṣé kan tí ẹni tó ń kọjá lójú títì fi yíjú wò mí. Mo ní, "Ṣé ìyàwó lò ń wá ni, àbí ìrọ̀rí?" Ó ti ń kàwé ìfẹ́ rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, tí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá rí i lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò yí, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú fóònù, aṣọ àwọn oníbàárà sì ga bí òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún àbúrò mi pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, ó ń kọ́ ẹ̀bẹ̀ sórí lọ́wọ́. Mo rò pé á bá mi fi í ṣẹ̀sín. Ṣe ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ṣé lóòótọ́? Ó mà ń gbìyànjú o." Ó lọ di báàgì rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló wá. Ó ti lọ aṣọ ara rẹ̀ débi pé ìlà ṣòkòtò rẹ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sòótọ́: ọ̀rọ̀ náà dára. Ó dára gan-an. Ó sọ ti ọjọ́ tí wọ́n pàdé, ó sọ bí ilé ṣe dákẹ́, ó sọ pé òun kò mọ adùn tíì mọ́. Omi lé sójú èmi pàápàá, mo sì bínú sí ojú mi. Ó parí, ó dúró. Mo mọ ibi tó dúró yẹn dáadáa: ibẹ̀ ni ìyàwó inú fóònù ti máa ń so mọ́ ọn lọ́rùn.

Àbúrò mi ń sunkún. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó rọra ní, "Mo gbọ́. Aṣọ ìyá mi dà?"

Mo rí àtàǹpàkò ọkùnrin yìí lórí orókún rẹ̀. Ó gbá sápá òsì. Ó tún gbá. Lẹ́yìn náà ló wá la ẹnu, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, ó ní, "Jọ̀ọ́, sọ nǹkan mìíràn."

"Nǹkan mìíràn bíi kí ni?"

"Bíi... pé o ti dárí jì mí."

Mo dìde. Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Àbúrò mi na ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Ó ń wo ọkọ rẹ̀, kò kánjú, ó fún un láyè. Ó tún béèrè, kò gbóhùn sókè. "Aṣọ ìyá mi dà?"

"Iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ó dáa. Máa lọ sílé."

Ó wò mí bíi pé èmi ni mo ta fóònù tó bàjẹ́ fún un, ó sì jáde. Bí ilẹ̀kùn ṣe padé ni mo tẹnu bọ ọ̀rọ̀. Mo ní aláìlójútì, mo ní olè, mo ní ó ti ta aṣọ màmá, ká lọ yẹ ọjà wò, a máa rí i lára ìyàwó ẹlòmíràn.

Àbúrò mi ti gbé báàgì kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń tú u. "Kò tà á, Àǹtí. Ó wà lábẹ́ tábìlì tó fi ń géṣọ, nínú ọ̀rá dúdú. Mo rí i kí n tó kó wá síbí. Apá aṣọ méjèèjì, apá ọ̀tún ló gé wọn. Kò yí pépà padà kó tó gé èkejì, aṣọ ò sì ṣẹ́ kù."

"O mọ̀? O mọ̀, o wá ń bi í?"

"Ẹnu ẹ̀ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Àṣìṣe ni, ṣebí èèyàn ló ń ṣàṣìṣe. Màmá gan-an ì bá rẹ́rìn-ín." Ó gbọn búláúsì kan, ó wá ibi tó máa fi í kọ́. "Ká ní ó sọ ọ́ ni, ǹ bá ti wà lójú ọ̀nà ilé báyìí."

Mo lọ sún aṣọ tèmi sẹ́yìn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí tirẹ̀ lè ráyè.