Oòrùn Tí Mo Fi Du Yèyé Mi

Òórùn kíkan láfún tí wọ́n sá sórí àpáta ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti délé l'Ọ̀sì. Iṣẹ́ yèyé mi nìyẹn. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, orí àpáta ló máa ń wà. Nígbà tí ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, láàrin àwọn ọdún 1990, ẹ̀rín la kọ́kọ́ ń fi í rín. Ó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú pè mí. Àfìgbà tí wọ́n bá a lójú ọ̀nà Ìlọfà, láìwọ bàtà, tó ń béèrè ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ránṣẹ́ láti Kàdúná: "Má jẹ́ kó dójú tì wá o." Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ìjọba ìbílẹ̀ l'Ararọ̀mí-Ọ̀pin, mi ò sì rí ẹni tí yóò bá mi ṣọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi, mo ra àgádágodo. Ọdún méjì ni mo fi ń tì í mọ́lé kí n tó wọ takisí lọ síbi iṣẹ́. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, mo kàn án pa, torí ó máa ń pe àwọn tó ń kọjá. Ìtọ́jú ni mo pè é, ìtìjú ni. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kò lè dá dìde mọ́, iyè rẹ̀ sì túbọ̀ ń lọ.

Nọ́ọ̀sì kan tí mo bẹ̀ wálé wo yàrá náà yí ká.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni oòrùn ti kan màmá lára gbẹ̀yìn?"

Mo bojú wo fèrèsé tí mo kàn pa. Ó ní egungun tí kò rí oòrùn máa ń rọ̀ ni, kí n máa gbé e síta láràárọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbé e jáde. Ó di ojú, ó gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú bí ẹni tí kò rí mi rí, ó rọra ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ọmọ mi ló máa ń tì mí mọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé mo jáde."

Mi ò tì í mọ́lé mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo bẹ obìnrin aládùúgbò kan kó máa jókòó tì í. Ìrora ẹsẹ̀ náà dín kù. Iyè rẹ̀ kò padà. Ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ló kú.

Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ tí dókítà kan ń sọ lórí rédíò pé oòrùn ló ń jẹ́ kí ara wa ṣe fítámì D, pé ìgbàgbé ogbó wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò ní in tó, àmọ́ àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí bóyá fítámì náà lè dá ìgbàgbé náà dúró. Mi ò mọ̀ bóyá oòrùn ì bá dá iyè yèyé mi sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó gbàgbé orúkọ mi, ó gbàgbé ojú mi, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe sí i.