Ìjókòó Ẹnu Ọjà

Òwú àti síìpù ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tà ní ọjà Sabon Gari. Iná jó ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀, kò kan òwú kan nínú tirẹ̀, síbẹ̀ láti ọjọ́ náà ni kò ti lè wọ ọjà mọ́. Bó bá ti dé ìdí òpó iná mọ̀nàmọ́ná kẹta lẹ́nu ọjà, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, òógùn á bò ó, á ní òun ń kú lọ. Oṣù méje ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti wà ní títì, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ ohun tí mo ti kà lórí fóònù nípa ìpayà kò kéré. Mo kọ́ ọ pé kó máa fa èémí sínú títí a ó fi ka ẹẹ́rin, kó tú u jáde títí a ó fi ka ẹẹ́fà. Mo máa ń fìka wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ní ọrùn ọwọ́, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. "Dókítà orí fóònù" ló máa ń pè mí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan láti ọsibítù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un jáde ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fura. Ọmọ Haúsá ni obìnrin náà. Kò fún un lóògùn, kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn kàn ń jókòó ni. Ìjókòó! Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wọ adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nídìí òpó kẹta, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníkunú, wọ́n ra ife kọ̀ọ̀kan nínú ohun mímu jéró náà. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn àpò jéró, mo ń wo aago.

Ní ìṣẹ́jú kejìlá, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ̀n débi pé kunú ń dà sí i láṣọ. Nọ́ọ̀sì náà kò dì í mú. Ó ń mu kunú tirẹ̀! Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹrìnlá, ara mi kò gbà á mọ́. Mo sáré jáde, mo fà á lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé!"

"Haba Malam!" Nọ́ọ̀sì náà figbe ta. Ó wá fi Haúsá là á yé mi pé ìpayà máa ń gòkè, á sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá dúró tì í. Ẹni tó bá fa onípayà kúrò nígbà tó gòkè tán ti sọ fún ọkàn onítọ̀hún pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó gbè mí.

"Ó ti ń rọlẹ̀ kí o tó dé," ló wí, omi lójú rẹ̀. "Ojú rẹ yẹn ni mo rí tí mo tún gbóòórùn èéfín."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi jáde nílé.

Nígbà tó tún gbà láti lọ, ó ní kí n bá àwọn lọ, àmọ́ n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun, n kò sì gbọdọ̀ wo aago. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan lórí bẹ́ǹṣì náà. Ó gbọ̀n. Ó làágùn. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tó jẹ́. Igun ojú ni mo fi ń ṣọ́ nọ́ọ̀sì náà. Mo ṣì ń fura sí i. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi gbé kunú rẹ̀, ó mu ún tán, ó dìde, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpamọ́wọ́.

"Dókítà, jókòó síbẹ̀," ló wí.

Mo jókòó. Mo ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ títí ó fi yà sí ọ̀nà àwọn onísíìpù: mọ́kànlélọ́gọ́ta.